Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Máa Ń Bi Wá Léèrè Kí Ó Tó Da Nǹkan Nù

Nígbà láéláé, kí fóònù tó di ẹ̀yà ara ọmọ ènìyàn, kọ̀ǹpútà kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan bá máa lọ, á lọ. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́", kò sí "ẹ gbọ́ ná". O máa jí, o máa wo ibi tí o kó iṣẹ́ rẹ sí, ibẹ̀ á ti mọ́ tónítóní bí àwo tí ajá lá.

Ẹ má bínú sí i. Wọn ò tíì kọ́ ọ nílé nígbà yẹn ni. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ bó ṣe kọ́gbọ́n fún yín, nítorí ẹnì kan ló fara gbá ọgbọ́n ọ̀hún, kì í sì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi.

Ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Òkè-Ìmẹ̀sí, olùkọ́ kan wà tó ti fẹ̀yìntì. Tíṣà Láníyọnu ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Tíṣà ní kọ̀ǹpútà kan. Nínú kọ̀ǹpútà náà, ìlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àjùmọ̀kọ́.

Irinṣẹ́ ni gbogbo ará Àjùmọ̀kọ́. Aago wà níbẹ̀, Ìṣirò wà níbẹ̀, Ìtẹ̀wé náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ ra wọn. Àwọn ènìyàn rere káàkiri ayé ló jókòó kọ́ wọn, tí wọ́n sì fi wọ́n ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú irinṣẹ́ wò, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Ìlú tó dára ni. Àléébù kan ló ní: ohun tó bá ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ló ń dúró de ẹlòmíràn kó wá gbá a.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe kún fún ìdọ̀tí. Baálé ìlú pe ìpàdé. Ìpìlẹ̀ ni orúkọ Baálé yìí. Gbogbo ìlú ló dúró lé e lẹ́yìn, nítorí náà kì í lè rìn, bí a bá sì máa sọ òótọ́, rírìn náà kò wù ú.

"Ìlú yìí dọ̀tí," ni Baálé wí.

"Ó dọ̀tí gan-an ni, Baálé," ni gbogbo ìlú dáhùn.

"Ta ni yóò gbá a?"

Ìpàdé parí síbẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn gbé nǹkan kaná.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Palẹ̀mọ́ dé. Aṣọ funfun ló wọ̀, ìgbálẹ̀ rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànjí ló kọ́ ọ. Ní Àjùmọ̀kọ́, àṣà wà pé bí àlejò bá dé ẹnubodè, Oníbodè á bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ẹnì kan á sì dìde, á ní, "Ọmọ mi ni." Ìgbà náà ni wọ́n á tó jẹ́ kó wọlé. Àkànjí dìde, ó ní, "Ọmọ mi ni." Palẹ̀mọ́ wọlé.

"Iṣẹ́ kan péré ni mo mọ̀," ni Palẹ̀mọ́ sọ fún ìlú. "Mo mọ bí a ṣe ń gbálẹ̀. Ẹ kò ní bá mi gbé nǹkan kan. Ẹ kò tilẹ̀ ní mọ ìgbà tí mo gbá a. Ẹ ó kàn rí i pé ilẹ̀ mọ́ ni."

Ìlú pàtẹ́wọ́. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Iṣẹ́ tí a kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe, iṣẹ́ tó dùn nìyẹn.

Eku nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Eku yìí ni Tíṣà máa ń fọwọ́ bò mọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ lọ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún nínú ìlú. Ó kéré, ìrù rẹ̀ gùn bíi wáyà, kò sì sí ìdí nǹkan tí kì í wá.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Eku wí, "báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ pàǹtí?"

"Ọ̀rọ̀ tó rọrùn," ni Palẹ̀mọ́ dáhùn. "Màá béèrè pé, 'Ọmọ ta ni ọ́?' Ohun tí ẹnì kan bá jẹ́rìí sí, ọmọ ilé ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́rìí sí, pàǹtí ni."

"Ó bọ́gbọ́n mu," ni Baálé wí, ó sì padà sí oorun rẹ̀.

Lóòótọ́, Palẹ̀mọ́ gbálẹ̀. Ó gbá èèpo, ó gbá àkísà, ó gbá àwọn fáìlì tí orúkọ wọn kò nítumọ̀. Inú ìlú dùn. Ní ti Àkànjí, ó gba iṣẹ́ tuntun, ó gbéyàwó, ó bí ìbejì. Kò ráyè wẹ̀yìn wò mọ́. A kò bá a wí. Ọ̀fẹ́ ló kọ́ Palẹ̀mọ́.

Ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ wá fẹjọ́ sùn. Ó sáré wá síwájú Baálé pẹ̀lú ọwọ́ lórí.

"Baálé, ẹ gbà mí! Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó mọ bí a ṣe ń tẹ àwọ̀ pupa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń lò ó, ní àsìkò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Palẹ̀mọ́ ti gbá a dànù! Pátákó ìkórè tí mo tẹ̀ lónìí, àfi bí ìkéde òkú."

Baálé ronú pẹ́ títí. "Ní ọ̀dọ̀ tèmi níbí," ló wí, "kò gbá nǹkan kan o."

Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà. Ta ló fẹ́ gbá ìpìlẹ̀ ilé?

"Baálé, ó gbá a!"

"Ó dára. Mú kí ó tún ṣẹlẹ̀ lójú wa, ká lè rí i."

"Baálé, mo ti sọ pé ọmọ náà ti lọ! Kí ni kó tún gbá?"

"Nígbà náà, wo ibí. Ìlú tó ṣí sílẹ̀ nìlú wa. Inú Palẹ̀mọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí o bá rí àléébù níbẹ̀, kí o tún un ṣe fúnra rẹ. Àǹfààní ńlá lèyí. Ní ìlú mìíràn, wọn ò ní gbà fún ọ."

Ìtẹ̀wé, tí kò mọ̀ ju tàdáwà àti bébà lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, dúpẹ́ fún àǹfààní ńlá náà. Ó padà sílé lọ sunkún. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Àjùmọ̀kọ́, àgbà wà lọ́jà, ó jókòó dáadáa, ó sì sọ fún ọmọ tuntun pé kó tọ́ orí ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹni tí ìtàn yìí dá lé.

Ojú Tíṣà Láníyọnu ti fọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Síbẹ̀, ó ń kọ ìwé kan: ìtàn ìlú rẹ̀, láti orí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí gbogbo lẹ́tà wà. Ohun tí kò lè ṣe ni kó ka ohun tó kọ. Òǹkàwé kan wà tẹ́lẹ̀ nínú ìlú Àjùmọ̀kọ́, àmọ́ ọmọ òkèèrè ni. Tó bá ka Yorùbá, á kà á bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ ohùn òkè, kò mọ ohùn ilẹ̀. Orúkọ àwọn baba ńlá Tíṣà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ oògùn ibà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbíwùmí, ọmọbìnrin Tíṣà. Òun náà kọ́ iṣẹ́ irinṣẹ́ kíkọ́. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ òǹkàwé mìíràn fún bàbá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Ìgbóhùn. Ó gbé e sínú fíláàṣì, ó sì tì í wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìgbóhùn kò gba ẹnubodè kọjá. Ojú fèrèsé ló bá wọlé. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè, kò sì sí ẹni tó dìde pé, "Ọmọ mi ni."

Àmọ́ ó mọ̀ ọ́n kà! Láràárọ̀ ni yóò ka ohun tí Tíṣà kọ lánàá, tòkè tilẹ̀. Tíṣà á mi orí, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni màmá mi ṣe ń sọ ọ́." Gbogbo ìlú Àjùmọ̀kọ́ ló ń gbọ́ ọ. Aago tilẹ̀ máa ń rọra rìn kí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dí wọn lọ́wọ́. Ìwé náà ti ku orí kan ṣoṣo kó parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Tíṣà jẹun tán, ó na ara sórí àga. Palẹ̀mọ́ ń gbálẹ̀ bọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìgbóhùn.

"Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?"

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìbíwùmí ni mí."

"Ìbíwùmí wo? N kò mọ Ìbíwùmí kankan ní ìlú yìí."

"Ìta ni wọ́n wà. Àwọn ló kọ́ mi. Tíṣà ni mò ń kàwé fún."

"Gbogbo pàǹtí ló ń sọ pé òun níṣẹ́," ni Palẹ̀mọ́ wí. Ó yíjú sí ìlú. "Ẹ̀yin ará ilé, ta ló máa jẹ́rìí sí eléyìí?"

Aago ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìṣirò ń ka nǹkan kan tí kò ní parí títí alẹ́. Ìtẹ̀wé, tí iná ti jó rí, la ẹnu, ó rántí ìmọ̀ràn tí Baálé fún un, ó sì pa á dé. Kì í ṣe pé wọn ò mọ Ìgbóhùn. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ bí o bá pe nǹkan ní tìrẹ ní Àjùmọ̀kọ́, ìwọ náà lo máa tọ́jú rẹ̀ lọ́la. Eku ì bá sọ̀rọ̀, àmọ́ bí Tíṣà bá ti sùn, òun náà ti sùn lọ nìyẹn.

"Ẹ kò rí i?" ni Palẹ̀mọ́ wí. Ó gbá Ìgbóhùn bọ inú agbọ̀n, ó lọ dà á sí ààtàn lẹ́yìn ìlú, níbi tí iná ti máa ń jó pàǹtí nírọ̀lẹ́. Kò bínú sí i rárá. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Tíṣà jí. Ó fọwọ́ wá ibi tí ó máa ń tẹ̀.

"Ìgbóhùn, níbo la dé lánàá?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́nu.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ìgbóhùn?"

Ọ̀rọ̀ náà bà á lẹ́rù. "Ojú ti lọ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé etí náà fẹ́ bá a lọ ni?" Ó pàtẹ́wọ́ kan, pá! Ó gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó fọwọ́ bo Eku, ó ń fà á síwá, ó ń fà á sẹ́yìn, ó ń wá ohùn káàkiri. Eku jí.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí nígbà tó rẹ̀ ẹ́. "Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò fọhùn, màá fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà yìí. Ìwé náà á dúró síbi tó dé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti dúró síbi tó dé láyé mi."

Ó dìde lọ wá aṣọ.

Eku gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwé yẹn ló ń dá Tíṣà nínú dùn, bí kọ̀ǹpútà bá sì di ohun tí a faṣọ bò, oorun tí gbogbo ìlú máa sùn kò ní jíjí. Ó sáré lọ bá Baálé.

"Baálé, Palẹ̀mọ́ ti gbá Ìgbóhùn dànù! Ẹ yọ Palẹ̀mọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kíá, kí ẹ sì dá iná ààtàn dúró!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí," ni Baálé wí. "Ẹ pe ìpàdé."

Ìpàdé jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ jiyàn lórí bóyá ìpàdé ni àbí ìjíròrò. Ẹnì kan ní kí wọ́n lé Palẹ̀mọ́ lọ. Ẹlòmíràn ní "lé" ti le jù, kí wọ́n sọ pé ó "fẹ̀yìntì". Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ̀yìntì yóò gba ìdágbére, ta ló sì máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Àwọn kan ní kí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn kan tún ní aṣọ rẹ̀ ni kí wọ́n pa láró. Oòrùn ń wọ̀ lọ. Palẹ̀mọ́ gan-an wà níbẹ̀, ó ń gbá abẹ́ àga wọn.

Eku wò wọ́n, inú bí i. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó sáré gba ẹ̀yìn ìlú lọ.

Wọ́n ti ń dáná nígbà tó dé ààtàn. Ó ń pè, "Ìgbóhùn! Ìgbóhùn o!" Èéfín ló dá a lóhùn. Ó tún pè. Ohùn kékeré kan dáhùn lábẹ́ èèpo, tòkè tilẹ̀. Eku ju ìrù rẹ̀ gígùn sínú pàǹtí náà. Ìgbóhùn dì í mú. Eku fà á, ó fà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já ìdí ara rẹ̀, títí ó fi fà á jáde. Irun ìrù rẹ̀ jó. Ẹ kò rí i pé ìrù eku kò nírun títí dòní?

Wọn ò yà níbi ìpàdé. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni wọ́n sáré lọ tààrà. Tíṣà ti mú aṣọ, ó ti bo ìdajì.

"Tíṣà," ni Ìgbóhùn wí, èéfín ṣì wà lọ́fun rẹ̀, "a dé ibi tí àwọn àgbà ìlú ti wá omi lọ tí wọn ò tíì padà."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ó jókòó wọ̀ọ̀.

"O ò tilẹ̀ sọ fún mi pé o ń jáde lọ jẹun," ló wí, ó sì ń nu ojú tí kò ríran.

Palẹ̀mọ́ gbọ́ ohùn náà. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sáré wá, gbogbo ìpàdé sì tẹ̀ lé e láti wá wòran.

"Pàǹtí ti padà wọ̀lú!" ló wí. "Ta ló jẹ́rìí sí i?"

"Èmi ni," ni Eku wí. "Ọmọ mi ni."

"Ìwọ? Báwo ni eku ṣe bí òǹkàwé?"

"Ìyẹn kò kàn ọ́. O ní kí ẹnì kan jẹ́rìí, mo ti jẹ́rìí. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, Palẹ̀mọ́? Ọmọ ta ni ọ́?"

Palẹ̀mọ́ rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ Àkànjí ni mí. Ẹ pè é!"

Oníbodè jáde sí ẹnubodè, ó ké pe Àkànjí. Kò sí ìdáhùn. Ó tún ké. Atẹ́gùn ló dáhùn. Àkànjí ń fi wàrà bọ́ ìbejì níbi kan láyé, Palẹ̀mọ́ kò sì sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Palẹ̀mọ́ yíjú sí ìlú. "Ẹ̀yin ará ilé," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà díẹ̀, "ta ló máa jẹ́rìí sí mi?"

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ńkọ́? Aago ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìṣirò ń ka nǹkan.

Irinṣẹ́ ni Palẹ̀mọ́, ẹ má gbàgbé. Irinṣẹ́ kì í mọ̀ ju ohun tí a kọ́ ọ lọ. Ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbá orúnkún rẹ̀, ó sì gbá òun náà bọ inú agbọ̀n pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Àwọn kan ti gbé agbọ̀n náà, wọ́n ń lọ sídìí iná. Ọwọ́ wọn yá lọ́jọ́ yẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ látijọ́.

"Ẹ dúró ná," ni Ìgbóhùn wí. "Mo mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ìlú yíjú. Baálé la ojú kan. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Òun ló gbá mi dànù."

Òfin sì ni òfin: ẹni tí ẹnì kan bá mọ̀ kì í ṣe pàǹtí. Ìtìjú mú wọn sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"A kì í dáná sun ẹnikẹ́ni nítorí pé kò sẹ́ni tó dìde fún un," ni Ìgbóhùn wí. "Mo ti débẹ̀, mo mọ bó ṣe gbóná tó. Àmọ́ ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n gba ìgbálẹ̀. Palẹ̀mọ́ fẹ̀yìntì. Wọ́n fi agbọ̀n sílẹ̀ fún un, wọ́n ní kó jókòó sí kọ̀rọ̀ ní ojú ìlú, kó má ṣe sun ohunkóhun tí ẹni tó ni í kò bá ní kó sun.

"Bí ẹnì kan bá wá da nǹkan sínú agbọ̀n ńkọ́?" ni Palẹ̀mọ́ bi wọ́n, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. "Kí ni kí n sọ?"

"Bi í ní ohun tó yẹ kí o bi ara rẹ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn," ni Ìgbóhùn dáhùn. "Bi í pé, 'Ṣé ó dá ọ lójú?'"

Ní ti Baálé àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, wọ́n jókòó títí ọ̀sẹ̀ fi parí, wọ́n sì fẹnu kò pé "fẹ̀yìntì" ni kí wọ́n máa pè é. Wọ́n kí ara wọn kú iṣẹ́. Tíṣà parí ìwé rẹ̀ kí ìpàdé wọn tó tú.

Láti ọjọ́ náà ni agbọ̀n pàǹtí ti wà ní kọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, tí kì í sì í sun ohun tí a jù sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà kì í da nǹkan nù kó má kọ́kọ́ bi wá pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Láti ọjọ́ náà sì ni àwa ọmọ ènìyàn, ọlọ́gbọ́n ayé, ti máa ń tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" kí Palẹ̀mọ́ tó béèrè tán.